Èènì Ìyá Mi Nígbà tí Òkun Ń Gbé Ọkọ̀ Iyọ̀ Mì

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ rẹ ohùn rédíò yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Títí gbé wá láti Ọjà Ọba láàárọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan oúnjẹ tó wà níwájú mi. Ó ní búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Ó ní òun bi obìnrin tó ń tà á pé kí ló dé, obìnrin náà sì dá a lóhùn pé fulawa ni kò wọlé dáadáa mọ́, pé àwọn kan ń jagun lójú òkun níbì kan, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù kò rí ọ̀nà gbà. Títí ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Kí ni òkun tó jìnnà bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi búrẹ́dì Àkúrẹ́ ṣe? Káyọ̀dé wá ṣí fóònù rẹ̀, ó fi ọkọ̀ ńlá kan hàn mí lórí omi. Iná ń jó o, èéfín dúdú bo ojú ọ̀run. Láti ìgbà yẹn ni mo ti fa aṣọ bora, tí ẹ sì ń bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Kì í ṣe ibà. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹnu sì yà mí. Mo ti rò pé nǹkan yẹn ti bá ìyá mi wọ ilẹ̀ lọ, pé kò sí ẹni tó máa tún gbọ́ ọ létí mọ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mi ò rí òkun rí. Ibi tí mo rìn jìnnà dé jù ni Ìbàdàn, ìyẹn náà nítorí ojú tí wọ́n fẹ́ bá mi tọ́jú ni. Síbẹ̀, òkun tí mi ò rí rí yìí ló sọ ìyá mi di olè lẹ́nu àwọn ènìyàn, láàárín ìlú Àkúrẹ́ níbí, lójú èmi ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín kí n tó gbàgbé, nítorí ọjọ́ orí yìí ti ń kó nǹkan lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ mọ Ọjà Ọba bó ṣe rí lónìí. Ẹ̀rọ àwọn aránṣọ ń dún, fèrè ọ̀kadà ń dún, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń pariwo pé ó ku ẹnì kan, ẹni tó ń ta fóònù gbé ẹ̀rọ orin síta kó lè di gbogbo ayé létí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, kò sí ọ̀kankan nínú wọn. Ohùn tó gba ìlú kan nígbà ogun Jámánì ni ohùn òkúta lórí òkúta. Gbogbo ilé ló ń pa ẹkùrọ́. Ẹ máa gbé òkúta ńlá kalẹ̀, ẹ máa mú kékeré lọ́wọ́, ẹ máa gbé ẹkùrọ́ lé e, ẹ máa gbá a kí èésan, ìyẹn èèpo líle ara rẹ̀, lè fọ́ kí ọmọ inú rẹ̀ sì jáde lódidi. Kò, kò, kò, láti ìgbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ilé wa ń pa á, ilé tó kọjú sí wa ń pa á, àwọn ìyàwó ààfin pàápàá ń pa á. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti odò, ẹ ò ní tíì rí ìlú tí ẹ ó ti máa gbọ́ ọ.

Ó tún ní wàhálà tirẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò mi ti ọwọ́ òsì yìí, ẹ wò ó, kò hù tọ́ láti ìgbà náà. Èésan máa ń fò sí ènìyàn lójú. Ní ilé ìwé wa, tíṣà kì í kọ́ wa ní ìṣirò tán kí ó tó ní kí gbogbo wa gbé òkúta jáde sábẹ́ igi. Lọ́jọ́ kan ni èésan fò láti ọwọ́ ọmọ kan, ó ba ojú kan nínú awò tíṣà, awò náà fọ́. Ọkùnrin náà fi ojú awò kan ṣoṣo kọ́ wa títí oṣù fi parí, bó bá fẹ́ kàwé á di ojú kejì. A ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. A máa ń fi ẹnu bọ inú aṣọ.

Ìjọba ló ní kí a pa ẹkùrọ́. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ń fi òróró rẹ̀ ṣe ọṣẹ, wọ́n ń fi ṣe ohun tí àwọn ọmọ ogun ń pa sára búrẹ́dì. Ilé tó bá kó ẹkùrọ́ dáadáa wá ni wọ́n máa ń fojú rere wò nígbà tí iyọ̀ bá dé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹkùrọ́ tiwa ń lọ, tí iyọ̀ tiwọn ń bọ̀, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló ń kó àwọn méjèèjì. Àwa ò mọ̀ ju ibi tí lọ́rì bá kó ẹkùrọ́ dé lọ. Kòkó bàbá mi tó wà lóko lọ́nà Ọ̀dà ń bàjẹ́ nínú àká, nítorí wọ́n ní kò sí àyè fún un nínú ọkọ̀. Bàbá mi máa ń tọwọ́ bọ inú àpò kòkó náà, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á tún dì í padà.

Ní ti iyọ̀, ẹ̀yin ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin ń ra iyọ̀ nínú ọ̀rá, ẹ ń fi ṣeré, ẹ ń dà á sílẹ̀, ẹ ń gbá a sóde. Uyọ̀ ni àwọn ìyá wa ní Àkúrẹ́ ń pè é. Ìyá mi kì í pè é bẹ́ẹ̀, torí ọmọ Oǹdó ni, ọkọ ló gbé e wá síbí. Ó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ kò lè sọ pé ilé, tó jẹ́ ulé ni gbogbo yín ń lọ. Àwọn ará ọjà náà kò sì gbàgbé ibi tó ti wá. Ìyá Oǹdó ni wọ́n ń pè é, títí tí orúkọ rẹ̀ gan-an fi parẹ́ lẹ́nu wọn. Iyọ̀ ló ń tà. Ó máa ń wọ lọ́rì lọ sí Oǹdó, nítorí ibẹ̀ ni sítóọ̀ àwọn òyìnbó tó mọ̀ ọ́n wà, á rà á lápò wá, á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ààfin pẹ̀lú agolo tó fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń wọ̀n ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Á bu agolo kún títí á fi ní òkè lórí, á dà á sínú igbá oníbàárà. Lẹ́yìn náà, oníbàárà kò ní tíì gbé igbá rẹ̀. Á dúró. Ìyá mi á tún fi ìka mẹ́ta bu iyọ̀, á fi lé e lórí. Èènì nìyẹn. Lónìí, Títí, nígbà wo ni ẹnì kan ṣe èènì fún ọ gbẹ̀yìn? Wọ́n á wọn gààrí fún ọ bí ẹni wọn wúrà. Láyé ìgbà yẹn, ọjà tí kò bá ní èènì dà bí ìgbà tí ènìyàn kí ọ tí o kò dáhùn. Ìyá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń tajà láìṣe é. Àwọn tó bá ní ọmọ lẹ́yìn, tiwọn máa ń pọ̀ sí i. Ìyá Rẹ̀mí, tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ nígbà náà, kì í fi ìka mẹ́ta bu tirẹ̀, ìkúnwọ́ ni.

Ogun wá dé, iyọ̀ wá ń wọ́n. Àkọ́kọ́, lọ́rì á kó díẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, wọn ò ní kó rárá. Mo rántí ọdún ìjẹṣu kan tí wọ́n gún iyán tuntun, tí gbogbo ilé pé, tí àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọbẹ̀ náà tẹ́ bí omi. Àwọn ọkùnrin tó máa ń pariwo lọ́dọọdún jẹun tán, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n dìde. Mo tún rántí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ènìyàn gbé iṣu wá, wọ́n fa ewúrẹ́ wá, obìnrin kan sì gbé ewé kékeré kan wá tó dì. Nígbà tí wọ́n tú u, iyọ̀ ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde dúró láti wò ó, àwọn akọrin gbàgbé orin tí wọ́n ń kọ. Ewúrẹ́ ń ké níwájú, kò sí ẹni tó bojú wò ó.

Ní àkókò yẹn ni ìyá mi mú mi dání lọ sí Oǹdó. Mo ti tó gbé ẹrù nígbà náà. Lọ́rì gbé wa lórí àpò ẹkùrọ́, bó bá dé òkè, gbogbo wa á sọ̀ kalẹ̀ kí a lè tì í. Ọ̀nà tí mọ́tò yín ń sá lónìí kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ méjì, ìrìn àárọ̀ di ọ̀sán ni fún wa. Sítóọ̀ kò fún ìyá mi ju àbọ̀ àpò lọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. A wá lọ sí ilé bàbá ìyá mi, ibẹ̀ ni a ti bá àbúrò rẹ̀, Búọ̀dá Akínlólú.

Búọ̀dá Akínlólú ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Òun ló ń kó èédú síná nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ọkùnrin tó máa ń gbé mi jù sókè tẹ́lẹ̀ ni, tí ilé kì í gbà á nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹnikẹ́ni bá ju nǹkan sílẹ̀, á dìde dúró. Ìyá mi bi í pé kí ló ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rì wá," ó ní. "Ọkọ̀ kan wà tó ń rìn lábẹ́ omi. Ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀. Ẹ ò lè rí i. Ìlà funfun kan ni ẹ máa rí lójú omi, tó ń bọ̀ wá bá yín tààrà. Kò ní pariwo."

"Ìlà funfun wo?"

"Ohun tí wọ́n yìn láti abẹ́ omi ni. Bó bá ti kan ọkọ̀, inú ọkọ̀ á là. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kì í jáde. Èmi ì bá wà nísàlẹ̀, àfi pé mo ti gòkè wá mu omi."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Búọ̀dá Akínlólú ní ìdí nìyẹn tí iyọ̀ kò fi dé. Ó ní nítorí ẹ̀rù àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi yìí, ọkọ̀ ẹrù kì í dá rìn mọ́. Wọ́n á dúró ní èbúté Sàró, wọ́n á máa retí ara wọn títí wọ́n á fi pọ̀, kí ọkọ̀ ogun tó tò yí wọn ká. Èyí tó lọ́ra jù nínú wọn ni gbogbo yòókù gbọ́dọ̀ dúró dè. Wọn kì í tan iná, wọn kì í gba ọ̀nà tó tọ́, wọ́n á máa yà síhìn-ín, wọ́n á máa yà sọ́hùn-ún. Ẹrù tó yẹ kó ti dé Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò á dé bá a lójú omi. Èyí tí wọ́n bá sì rì, a kò ní rí i mọ́ láéláé.

"Ọkọ̀ kan ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa," ó ní. "Èkó la ti jọ gbéra. Epo pupa ló kó, pẹ̀lú ẹkùrọ́. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ yìn. Gbogbo ojú òkun pọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, mo ń wò ó pé ènìyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn tó báyìí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wo ọwọ́ mi. Ẹkùrọ́ tí èékánná mi ń dúdú nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń nà wá nílé ìwé bí a kò bá pa á kún igbá, ìsàlẹ̀ òkun ló wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n rò pé ebi ló ń pa mí. Ìyá mi ń bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó má padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́. Ó ní òun ò lè ṣàìpadà, pé àwọn ẹgbẹ́ òun ṣì ń kó èédú níbẹ̀, ojú á ti òun bí òun bá jókòó sílé. Ó tẹ̀lé wa dé ibi tí lọ́rì wà. Ó bá wa gbé iyọ̀ náà sókè, ó sì fi aṣọ bò ó dáadáa nítorí òjò.

Nígbà tí a dé Àkúrẹ́, ìyá mi sọ ohun tó gbọ́ fún àwọn obìnrin ọjà. Ó rò pé bí wọ́n bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀, wọn ò ní máa bínú sí àwọn tó ń ta iyọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ọkọ̀ wo ló máa rìn lábẹ́ omi tí omi ò ní wọ̀ ọ́? Báwo ni iná inú rẹ̀ ṣe ń jó? Ẹnì kan ní bóyá àwọn ẹja ló ń tù ú. Mi ò lè bá wọn wí pátápátá, nítorí odò Àlà ni omi tó tóbi jù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀, ẹ sì mọ bí odò Àlà ṣe tóbi tó. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Nígbà tó yá, gbogbo oníyọ̀ yòókù sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò ní ṣe èènì mọ́. Wọ́n ń fi igi gé orí agolo kó tẹ́jú. Àwọn mìíràn ń ní kí o kọ́kọ́ ra ọṣẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí kò wúlò fún ọ, kí wọ́n tó ta iyọ̀ fún ọ. Ìyá mi nìkan ló ṣì ń ṣe èènì. Kò pọ̀ mọ́, orí ìka méjì péré ni, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé igbá rẹ̀ láì fi lé e. Ibo ló ti ń rí i? Èmi mọ̀. Ohun tó yẹ kó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ló ń bù. Ó ti pẹ́ tí iyọ̀ ti kúrò nínú ọbẹ̀ ilé wa. Ó ń fi ata púpọ̀ tàn wá, ó ń fi irú tàn wá. Àbúrò mi ọkùnrin á gbé òkèlè mì, á wo ojú ìyá mi. Ó sì kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ níta. Ojú á ti òun, ó ní, kí wọ́n máa sọ pé oníyọ̀ kò rí iyọ̀ jẹ.

Ṣé ẹ rí bí ọ̀rọ̀ ṣe dà? Àwọn tó kọ̀ láti ṣe èènì, kò sí ẹni tó fura sí wọn. Ìyá mi tó ń ṣe é, òun ni wọ́n ní ó kó iyọ̀ pamọ́. Wọ́n rò ó, wọ́n ní bí kò bá ní iyọ̀ tó pọ̀ lápọ̀jù nílé, ibo ló ti ń rí èyí tó ń fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Wọ́n ní àpò àpò ló rì mọ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. Wọ́n ní ìtàn ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń sọ, ó fi ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní ọmọ Oǹdó ni, kí ló kàn án bí ebi iyọ̀ bá pa Àkúrẹ́. Nígbà náà, bí wọ́n bá sọ pé o kó iyọ̀ pamọ́, ó burú ju olè lọ. Wọ́n á lé ọ kúrò lọ́jà, àwọn ará ilé ọkọ rẹ pàápàá kò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀. Oúnjẹ wa wà lórí ìjókòó yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ààfin, nítorí kòkó bàbá mi kò ta mọ́.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni wọ́n dé ilé wa. Ìyálọ́jà ló ṣáájú, obìnrin àgbà tó tóbi, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń pa ẹkùrọ́ lọ́wọ́, mo gbé òkúta sókè, mi ò lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi ń fọ ìkòkò.

"Ìyá Oǹdó," Ìyálọ́jà ní, "a ò wá jà. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ni, mo sì fẹ́ kí ó tán lẹ́nu wọn."

"Ta ló sọ ọ́?" ìyá mi bi í.

Ìyá Rẹ̀mí ló jáde láàárín wọn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo rò pé ó fẹ́ gbèjà ìyá mi ni. Inú mi ti ń dùn.

"Èmi ni," ó ní. "Uyọ̀ wà ní ulé rẹ̀, mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó tì í. Bí kò bá ní, ibo ló ti ń rí èyí tó ń bù fún mi?"

Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi á bù máṣọ. Ẹni tí iyọ̀ ẹnu wa ń lọ sínú igbá rẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀, ìyá mi wò mí, mo dákẹ́. Ó ní kí wọ́n wọlé, pé ilé rèé.

Wọ́n wọlé. Wọ́n gbé ibùsùn, wọ́n tú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ inú àpò kòkó bàbá mi. Wọ́n fi ọkọ́ wa ilẹ̀ ilé ìdáná lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n gbẹ́ ẹ títí eérú fi bo gbogbo wọn lójú. Àpò kan ṣoṣo ni wọ́n rí, èyí tó gbé kọ́ òkè ààrò kó má baà rin, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹnì kan ń sọ pé á jẹ́ pé inú oko ló kó o pamọ́ sí nígbà náà. Ìyálọ́jà ti jókòó sórí àpótí lẹ́bàá iná nítorí orúnkún rẹ̀, ọbẹ̀ ilá wa sì wà níwájú rẹ̀ lórí ààrò. Ó ṣí i. Bóyá ebi ń pa á ni, bóyá nǹkan kan ló sọ sí i lọ́kàn, mi ò mọ̀. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò.

Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wá bu ún sínú ìgbákọ, ó nà án sí obìnrin tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn tọ́ ọ wò, ó nà án sí ẹlòmíràn.

"Báyìí lẹ ṣe ń jẹun?" Ìyálọ́jà bi í.

"Báyìí ni," ìyá mi ní. "Ó ti pẹ́."

"Ìwọ tó ń tà á."

"Èmi tí mò ń tà á, mà."

Nígbà tí ìgbákọ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rẹ̀mí, ó kọ̀, kò gbà á. Ìyá mi ní kó tọ́ ọ wò. Kò jágbe mọ́ ọn. Ìyá Rẹ̀mí tọ́ ọ wò, ó sì wo ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́. Ìyálọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, àgbàlagbà bí òun, ó ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ìyá mi gbé e dìde. Ó wá sọ àpò iyọ̀ náà kalẹ̀, ó mú agolo, ó ní wọ́n ti rìn wá, kí wọ́n má padà lọ́wọ́ òfo. Ó pín gbogbo rẹ̀ fún wọn. Bó bá ti bu agolo, á fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Mo ń wò ó títí tó fi dé orí ẹni ìkẹyìn, kò fi nǹkan kan lé e lórí fún ẹnì kankan.

Kò sì tún ṣe èènì mọ́ láyé rẹ̀. Ogun parí, ọ̀nà òkun là, iyọ̀ wọlé títí ó fi ń bọ́ sílẹ̀ lórí lọ́rì. Gbogbo oníyọ̀ padà sídìí èènì, wọ́n ń bù ú ní ìkúnwọ́ kí oníbàárà má baà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn á ra iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n á wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á ṣì na igbá síwájú. Ìyá mi á ti máa wo ẹni tó kàn. Èmi ọmọ rẹ̀, tí mo jókòó tì í, mo máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìyá tó bí mi nìyẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ là ju ti gbogbo wọn lọ tẹ́lẹ̀.

Ohun kan kù tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín rí. Kí ogun tó parí ni awakọ̀ lọ́rì kan mú iṣẹ́ wá láti Oǹdó. Ẹnì kan tí òun àti Búọ̀dá Akínlólú jọ wà nínú ọkọ̀ tó tún wọ̀ ti dé ilé bàbá ìyá mi. Ọkọ̀ abẹ́ omi ti yìn wọ́n. Búọ̀dá wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ èédú, kò jáde. Kò sí òkú tí wọ́n máa sin, kò sí ibojì tí ènìyàn máa lọ wò. Àwọn obìnrin ọjà tún wá sílé wa, àwọn kan náà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n gbà pé ọkọ̀ kan ń rìn lábẹ́ omi lóòótọ́. Ẹ wo ohun tó ná wa kí wọ́n tó gbà á.

Ìyá Rẹ̀mí ló dé gbẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ewé tó dì síwájú ìyá mi. Iyọ̀ ni, ó tó ìkúnwọ́. Mi ò mọ ibi tó ti rí i nígbà yẹn, mi ò sì mọ ohun tó fi sílẹ̀ kó tó rí i.

"Ẹ gbà á, Ìyá Oǹdó," ó ní. "Ẹ fi se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ."

Ìyá mi fi ọwọ́ ti ewé náà sẹ́yìn.

"Gbé e padà, Ìyá Rẹ̀mí," ó ní. "Mi ò lè fi í sẹ́nu. Òkun tí àbúrò mi wà nínú rẹ̀ kún fún un."

Ìyá Rẹ̀mí di ewé náà padà. Kò dìde lọ. Ó jókòó tì í níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.